Ẹni Tó Ń Dúró Deni Kì Í Dákẹ́

Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó sórí ẹní. Ìwọ tí o ga yẹn, jọ̀wọ́, má fẹ̀yìn ti òpó ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Sún sí apá ibí. Òpó náà kò fẹ́ wó o. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn. Ẹ ti rí i. Àkísà aṣọ búlúù ni, tí mo so ní kókó kan ṣoṣo, níbi tí ọwọ́ lè tó láìnaga. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, aláǹtakùn ti fi ṣe ilé. Ojoojúmọ́ lẹ ń gba ibí kọjá, mo sì mọ̀ pé ẹ máa ń wí láàárín ara yín pé ìyá arúgbó yìí kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn nu òpó ilé ẹ̀.

Rùkáyátù tó jókòó sí ìdí ìlẹ̀kùn yẹn nìkan ló láyà láti bi mí. Ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Òun àti àbúrò rẹ̀, Sìdíkátù, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá sọ́dọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, nítorí pé bàbá wọn kì í ti ìsọ̀ rẹ̀ ní etí títì márosẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan, “wait”, kí wọ́n sì fi í kọ gbólóhùn márùn-ún. Rùkáyátù ti kọ mẹ́rin. Ọ̀kan sọ pé ó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan sọ pé bàbá rẹ̀ ń dúró de oníbàárà. Ìkẹta dá lórí ìrẹsì tí kò tíì jinná, ìkẹrin sì dá lórí iná mànàmáná, èyí tí gbogbo wa jọ ń dúró dè. Ó ku ìkarùn-ún, ó sì ku ìtumọ̀.

“Màmá,” ló wí, “kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?”

Mo dá a lóhùn kíá, bí ẹni tó ti fi ìdáhùn náà sábẹ́ ahọ́n láti ìgbà èwe: “Kí èèyàn wà lójú kan, kó má ṣe nǹkan kan, títí ohun tó ń retí yóò fi dé.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni olùkọ́ wa ṣe kọ ọ́ sára pátákó fún wa nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama ní Àgbádárìgì. Mo dà á kọ, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì tọ́jú rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí mo pè yín wá gbọ́ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní etí omi tiwa, irọ́ ni.

Ẹ̀yin mọ etí omi yẹn bí ibi tí wọ́n fi ọgbà onírin ká, tí ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sí ẹnu géètì tó ń béèrè pé ta lẹ wá rí. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín, kò sí ọgbà níbẹ̀. Èbúté ni. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ́kànlélógún ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sì lè dárúkọ olówó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan títí di òní. Bí o bá jí láàárọ̀, òórùn èéfín ẹja ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí ìyá rẹ tó kí ọ. Àwọn obìnrin á ti to ẹja èpìyà sórí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n á máa fi èdè Ègùn bú ara wọn, wọ́n á sì tún máa fi èdè Yorùbá bẹ ara wọn. A kì í mọ èyí tó jẹ́ èdè ilé nínú méjèèjì. Ìyá mi a máa ṣírò ẹja ní Ègùn, a sì máa gbàdúrà ní Yorùbá.

Ní ojú èbúté yẹn, lẹ́bàá omi, igi mọ́kànlélógún ni a rì mọ́lẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ̀ kan. Igi àbọ̀ là ń pè é. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ sójú ọ̀sà, ẹni tó ń lọ yóò ya ẹ̀là kan lára aṣọ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó ṣẹ́kù sílé yóò gbà á, yóò sì so ó mọ́ igi náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó so ó ti di adúróde. Bí ọkọ̀ bá dé, ẹni tó lọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Kò sí ẹlòmíràn tó ń tú u. Ìyàwó kì í tú ti ọkọ, ọmọ kì í tú ti bàbá. Níwọ̀n ìgbà tí àkísà bá ṣì wà lára igi, gbogbo èbúté mọ̀ pé ẹnìkan ṣì wà lójú omi. Bí wọn ò bá rí i mọ́, wọ́n mọ̀ pé ó ti wọlé, oníkálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó ní ohun tí ojú bàbá kan rí lọ́wọ́ ewúrẹ́ nítorí òfin yìí. Bàbá Hùnsù, tí ilé wọn kángun sí tiwa, lọ sójú ọ̀sà, ewúrẹ́ sì jẹ àkísà rẹ̀. Nígbà tó dé, ó wo igi, kò rí nǹkan kan. Ó dúró sínú ọkọ̀, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

“Ta ló tú mi?” ló bi ìyàwó rẹ̀.

“Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.”

“Ewúrẹ́ ló jẹ mí?”

“Kò jẹ yín tán, Bàbá Hùnsù. Ó ku ẹnu.”

“Mi ò sọ̀! Ẹni tí wọn ò dúró dè kì í gúnlẹ̀.”

“Ẹ jókòó sínú omi nígbà náà. Ẹ̀bà yín ń tutù, ewúrẹ́ yẹn sì ti mọ ọ̀nà ilé ìdáná.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ya ẹ̀là kan lára ṣòkòtò tó wọ̀ sídìí, wọ́n so ó mọ́ igi lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, ó tú u. Ìgbà yẹn ló tó sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tí itan kan rẹ̀ ti ya. Odindi ìgbà òjò kan la fi rẹ́rìn-ín yẹn. Bí ó bá ti ń kọjá, ọmọdé kan á ké bíi ewúrẹ́, òun náà á sì fi àjẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n síso àkísà kọ́ ni iṣẹ́ náà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo ọ̀sà láàárọ̀ débi pé o kò ní rí imú ọkọ̀ tí o wà nínú rẹ̀. Àwọn apẹja tó ti lọ dẹ àwọ̀n á máa bọ̀ wálé láìríran. Etí ni wọ́n fi ń wá ilẹ̀. Nítorí náà, adúróde kì í jókòó kó káwọ́ gbera. Ó máa ń gbé gáráwà òfìfo, gáráwà kẹrosíìnì onípáànù, á sì máa fi igi lù ú títí ẹni rẹ̀ yóò fi dé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń lu tirẹ̀. Tiwa jẹ́ mẹ́ta, ìdákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà méjì. Gán gán gán, gán gán. Ti ilé Hùnsù jẹ́ ẹyọ kan tó gùn àti mẹ́rin tó yá. Bí gáráwà mẹ́wàá bá ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, àlejò á sọ pé ariwo ni. Apẹja tó wà nínú kùrukùru á gbọ́ tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀ láàárín ọjà.

Lónìí, kẹ́ẹ̀gì oníke ló kù. Lu kẹ́ẹ̀gì wò, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ẹni ń lu ìrọ̀rí ni.

Ẹ wá gbọ́ ti ilé ìwé. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ó ní òun á máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a máa fi ara ṣe é. Ó pe “run”, a sáré lójú kan. Ó pe “sweep”, a bẹ̀rẹ̀, a ń gbálẹ̀ láìsí ìgbálẹ̀. Nígbà tó pe “wait”, gbogbo kíláàsì jókòó, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo òkè. Èmi nìkan mú rúlà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Mẹ́ta, méjì. Mẹ́ta, méjì.

“Ta ló ń pariwo yẹn?”

“Èmi ni, sà. Mò ń dúró ni, sà.”

Ẹ̀rín bú. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi pariwo pé, “Ọmọ etí omi! Ó rò pé ọkọ̀ bàbá òun fẹ́ gúnlẹ̀ sí kíláàsì!” Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín ìkà. Ó ní, “Lílù nìyẹn. Dídúró kọ́ nìyẹn.” Ìgbà náà ló kọ ìtumọ̀ sára pátákó. Ojú tì mí, mo sì gbà á gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dà kọ bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ni mí. Àmì ìdánudúró kan kì í bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ará ilé wa, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, ọjọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi ti gbé ẹja yíyan lọ sí ọjà Àgbádárìgì láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Bàbá mi, Dáà là ń pè é, wà lójú omi. Nítorí náà, èmi ni adúróde. Mo wọ aṣọ ilé ìwé mi, mo fi bàtà mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kí iyanrìn má baà wọ̀ ọ́, mo sì ń lu gáráwà. Kùrukùru náà nípọn bí ògì. Àwọn ọkọ̀ ń dé ní ẹyọ ẹyọ, àwọn onílé ń tú àkísà wọn, wọ́n ń lọ. Ó wá ku èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Mo gbọ́ agogo ilé ìwé láti òkèèrè. Ìgbà tí mo tún wo ojú omi, mo rí ìgbòkun kan tó yọ láàárín kùrukùru, mo sì rí àbùlẹ̀ àpò fúláwà lára rẹ̀, níhà òsì lókè. Àbùlẹ̀ Dáà ni. Ojú mi ni ìyá mi ṣe rán an.

Mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti dé tán. Mo ní ìṣẹ́jú méjì ló kù. Mo ní bí mo bá bá a tú u, kí ni ìyàtọ̀? Mo gbé gáráwà kalẹ̀. Mo tú àkísà náà, mo ká a, mo fi sábẹ́ òkúta kí atẹ́gùn má baà gbé e. Mo mú bàtà mi, mo sáré.

Kì í ṣe Dáà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, tí àwọn méjèèjì jọ pín àpò fúláwà kan náà láti fi lẹ ìgbòkun wọn. Mi ò mọ̀ pé ìdajì kejì wà níbìkan. Àwọn tó kù ní èbúté rí i pé kò sí àkísà lára igi wa mọ́, wọ́n sì rò pé Dáà ti wọlé. Nígbà tí àwọn tiwọn dé, wọ́n gbé gáráwà wọn, wọ́n lọ sílé. Èbúté dákẹ́ rọ́rọ́, bàbá mi sì wà nínú kùrukùru.

Ó ti ń tọ ìró gáráwà mi bọ̀. Nígbà tí ìró náà dá, ó dúró díẹ̀, ó ń retí kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó wá ń wa ọkọ̀ lọ síbi tó rò pé ilẹ̀ wà, ó sì wọ inú akajà, ìyẹn àwọn igi tí à ń rì sínú omi kí ẹja lè máa fi ṣe ilé. Ọ̀kan nínú wọn gún ọkọ̀ náà láti abẹ́. Òmíràn gún un lẹ́sẹ̀. Ó dì mọ́ igi títí kùrukùru fi ká lọ́sàn-án, tí àwọn ará Ajídò tó ń kọjá rí i tí wọ́n sì gbé e wálé.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, inú mi dùn, ìdánwò ti lọ dáadáa. Mo bá a lórí ẹní, wọ́n ti fi aṣọ wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ń bi gbogbo ayé pé ta ló tú u. Mo ní èmi ni. Mo kúnlẹ̀, mo ń dúró de ẹgba. Dáà kò nà mí. Ó ní:

“Mo ń gbọ́ ọ. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Kí ló dé tí o dákẹ́?”

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò nà tààrà mọ́. Kò lọ sójú omi mọ́. Abẹ́ igi àgbọn ló ń jókòó sí, ó ń tún àwọ̀n ẹlòmíràn ṣe. Kò sì sẹ́ni tó tún ní kí n lu gáráwà mọ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tí a jọ ń lu gáráwà ti fọ́n ká. Ẹ̀rọ dé sára ọkọ̀, lẹ́yìn náà fóònù dé. Igi àbọ̀ ń jẹrà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì ri òmíràn. Nígbà tí àwọn tó ra ilẹ̀ náà dé pẹ̀lú katakata, mẹ́rin péré ló kù. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń hú wọn. Awakọ̀ katakata náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Màmá, ẹ sún sẹ́yìn, kó má baà já lù yín.”

Mo bí ọmọ kan ṣoṣo, Sẹnami. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, àìsàn ló pa á. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Mi ò jẹ́ kí ọmọ yẹn sún mọ́ omi. Igi àgbọn mẹ́ta ló wà láàárín ilé wa àti èbúté nígbà náà. Mo sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ìkejì. Bí ó bá dé ibẹ̀, mo ti pariwo. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú. Mi ò sọ ìtàn igi àbọ̀ fún un, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́, màá ní láti sọ ẹni tó tú àkísà Dáà. Ìwé ni mo ní kó kọ́, ó sì kọ́ ọ. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀, ó kàwé Gẹ̀ẹ́sì jáde, ó sì rí iṣẹ́ olùkọ́ ní òdìkejì ẹnubodè, ní ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé odindi ọjọ́ kan ni bọ́ọ̀sì ń fi rìn ín láti Kútọnu. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé ní ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí.

Mo sìn ín dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń pariwo, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gbé àpò rẹ̀ sá lọ. Ó yọ orí síta láti inú mọ́tò, ó ní, “Màmá, oòrùn ti mú. Ẹ má dúró síbẹ̀ mọ́, ẹ máa lọ sílé.” Mo lọ sílé. Mo ya ẹ̀là kan lára aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́, mo so ó mọ́ òpó yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo sì ṣe ohun tí olùkọ́ wa kọ sára pátákó. Mo wà lójú kan, mi ò ṣe nǹkan kan.

Ó máa ń pè mí. Ẹ gbọ́ bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

“Màmá, ṣé kò sí wàhálà?”

“Kò sí o. Ìwọ ńkọ́?”

“Kò sí, Màmá. Ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹ. O ń ti ìlẹ̀kùn rẹ dáadáa?”

“Mò ń tì í.”

Ó parí nìyẹn. Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti gbé ike sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń sọ pé kò sí. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù kejì ọdún yìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń di ògiri mú rìn, mo ní kò sí. Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Òun náà ń sọ fún mi pé kò sí, mi ò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn tirẹ̀. A ń fi “kò sí” dáàbò bo ara wa. Ó ń pè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di oṣooṣù.

Láàárín ọdún mẹ́fà yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá. Ìpàdé kan gbé e dé Kútọnu nígbà òjò tó kọjá, ó sì yà mí wò. Ó dé ní aago méjìlá, ó ní láti padà ní aago mẹ́rin nítorí ẹnubodè. Ó gbé búrẹ́dì gígùn méjì wá. Mo se ọbẹ̀ akàn tó fẹ́ràn. Mo bu oúnjẹ fún un, mo jókòó, mo ń wo òpó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rí àkísà náà fúnra rẹ̀.

“Màmá, kí ni ìdọ̀tí yìí? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u dànù.”

Ó dìde. Ó fi ìka méjì kan kókó rẹ̀. Mo sì pariwo mọ́ ọn pé, “Fi sílẹ̀! Má fọwọ́ kàn án!”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹnu mi ló yára jù mí lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ewúrẹ́, mọ́ ọmọ aládùúgbò, mọ́ kunlékunlé. Ohùn tí mo fi ń pè é padà ní ìdí igi àgbọn kejì gan-an ni. Òun nìkan láyé yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u, mo sì lé e kúrò nídìí rẹ̀. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. “Ẹ má bínú, Màmá,” ló wí, ó sì nu ìka rẹ̀ sára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ fún un. Dáà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kùrukùru wà níbẹ̀, ìdánwò wà níbẹ̀, mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ mú. Mo ní, “Jẹun, ọbẹ̀ ń tutù.” Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó lọ. Nínú òfin èbúté wa, ọmọ mi ò tíì dé láti ọjọ́ tó ti lọ.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Rùkáyátù lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, nígbà tó bi mí léèrè ohun tí àkísà náà wà fún. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó di bírò rẹ̀ mú. Ó wá ní, “Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ò lu gáráwà fún un.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ so àkísà, ẹ ò lu gáráwà. Báwo ló ṣe máa mọ ibi tí ilẹ̀ wà?”

“Ta ló ń bá ọ sọ ti gáráwà? Iṣẹ́ àṣetiléwá là ń ṣe.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, Màmá,” ni Sìdíkátù fèsì láti ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu.

Inú bí mi. Lẹ́yìn náà, inú kò bí mi mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tọmọ mi náà ló bá mi dákẹ́. Mo na fóònù sí Rùkáyátù, mo ní kó bá mi wá nọ́ńbà náà, ojú mi kò ríran tó.

“Màmá?” Ẹ̀rù wà nínú ohùn Sẹnami. “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ kì í pè lọ́sàn-án.”

“Kò…” Ó ti dé ètè mi tán. Rùkáyátù bá fi ìdí bírò lu sìmẹ́ǹtì ilẹ̀. Mẹ́ta, ìdákẹ́ díẹ̀, méjì.

“Ó wà o, Sẹnami,” ni mo wí. “Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù kejì, mi ò sọ fún ọ. Mò ń tẹ ẹ̀bà ẹni méjì lálaalẹ́ kí abọ́ má baà dá wà, ewúrẹ́ ló ń jẹ ìyókù láàárọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí. Àkísà tó wà lára òpó, tìrẹ ni. Aṣọ ilé ìwé rẹ ni.”

Mo sọ ti igi àbọ̀ fún un. Mo sọ ti Dáà. Mo sọ ẹni tó tú u. Mi ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo sì dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Mo wà níbí, Màmá,” ló wí. “Mò ń gbọ́ yín. Ẹ má dákẹ́.”

Ohùn Dáà ni mo gbọ́ nínú tirẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kò dá ọjọ́ tí yóò wá fún mi. Ó ní ìdánwò àwọn ọmọ ti dé tán, ọ̀gá àwọn kò gbẹ̀bẹ̀. “Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, Màmá.” Mo ní kó má purọ́ fún mi. Ó bi mí bóyá mo lè bá òun tú u ná, títí òun yóò fi ráàyè. Mo ní, “Mo ti bá ẹnìkan tú u rí.” Ó yé e. Òun náà sì sọ ọ̀kan nínú ohun tó wà lẹ́yìn “kò sí” tirẹ̀ fún mi. Mi ò ní sọ ìyẹn fún yín, tirẹ̀ ni.

Rùkáyátù kọ gbólóhùn karùn-ún rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá kan ń dúró de ọmọ rẹ̀, ó sì ń pariwo gan-an. Olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ariwo náà, ó kọ àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó sọ fún un pé kó wá rí mi.

Láti ọjọ́ yẹn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pe Sẹnami, nígbà tó ti kúrò ní kíláàsì. Mò ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òórùn omi, iye ìgbà tí iná wá, aládùúgbò tó bú mi, egungun ẹja tó há mi lọ́fun. Nígbà mìíràn, kì í lè sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń gbé fóònù sétí, ó ń ṣe máàkì ìwé. Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Ilé yìí ṣì dákẹ́ bí mo bá ti gbé fóònù kalẹ̀. Abọ́ méjì ṣì wà lórí tábìlì. Àkísà ṣì wà lára òpó, ẹ̀yin náà rí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí obìnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé yìí, tó ń wo òpó yẹn kó tó wò mí, ẹ má kí i ná. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Ó yá, ẹ wò ó, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Rùkáyátù, bá mi na ọwọ́ mú fóònù yẹn.